Ààwẹ̀ Tí Alága Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ráyè jókòó ti ìtàn, mo kí yín o. Ẹ kú ọ̀yẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí oúnjẹ jẹ lónìí, tó tún fún wa ní ẹni tí a ó jọ jẹ ẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni àwo wọn kún tí kò sí ẹni tí yóò bá wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìtàn obìnrin kan ni mo mú wá. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run tọkàntọkàn, ìfẹ́ yẹn náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi wó ilé tí àwọn ẹlòmíràn fi omijé kọ́.

Adérìnsọ́lá Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Jos ni wọ́n bí i sí. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Èkìtì tí wọ́n gbé wá sí Plateau lẹ́yìn òmìnira, tó ní ọdún díẹ̀ péré ni òun yóò lò, tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ Jos ló gbà á sí nígbẹ̀yìn. Anglo Jos ni Adérìnsọ́lá ń gbé pẹ̀lú Jóṣúà ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kò sí nítòsí. Wọ́n ń fọṣọ fún wọn, wọ́n ń sìn wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ń jókòó tì wọ́n kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ọ̀yẹ́ Jos ń fi ojú egungun arúgbó rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́.

Ẹgbẹ́ náà kò dá dúró. Ó wà nínú àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Àpapọ̀ Aláàánú, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ìlú náà ti ń fọwọ́ so ọwọ́. Àwọn tó ń tọ́ ọmọ aláìlóbìí wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ opó ní iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, Lááwàlì arọ tó ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn arọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Onígbàgbọ́ ń bẹ ńbẹ̀, Mùsùlùmí ń bẹ ńbẹ̀. Láti ìgbà tí rògbòdìyàn ti pín ìlú sí apá tiwa àti apá tiwọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rékọjá sí òdìkejì mọ́ bí kò bá ní ìdí. Iṣẹ́ Àpapọ̀ ni pé kí àánú dé ibi tí ẹsẹ̀ ń bẹ̀rù láti dé. Arúgbó Mùsùlùmí tó ṣẹ́kù sí Anglo Jos, àwọn ènìyàn Adérìnsọ́lá ló ń tọ́jú rẹ̀. Onígbàgbọ́ tó kọ̀ tí kò kó kúrò ní Ali Kazaure, ní apá àwọn Mùsùlùmí, àwọn obìnrin Hájíà Falilat ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ọ̀kan nínú irú wọn ni Bàbá Olúsọjí, ọkùnrin afọ́jú tó ní ibi tí òun ti gbé pẹ̀lú ìyàwó òun títí ó fi kú, ibẹ̀ ni ikú yóò ti bá òun náà.

Yorùbá ni Hájíà Falilat, àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ló kó obì wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ Hausa lẹ́nu rẹ̀ ẹ kò ní mọ̀. Opó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbàlá rẹ̀ ní Ali Kazaure ni wọ́n ti ń se oúnjẹ tí wọ́n ń gbé kiri fún àwọn aláìsàn àti arúgbó.

Ọdún kan ni Onígbàgbọ́ máa ń fi ṣe alága Àpapọ̀, Mùsùlùmí á sì gbà á ní ọdún kejì. Nígbà tí ọdún Alhaji Abdulsobur parí, Adérìnsọ́lá ni wọ́n yàn. Alhaji di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Ìyá Dámi, iṣẹ́ yìí kò le. Máa jẹun, kí o sì máa tẹ́tí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Adérìnsọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré àgbàlagbà ni.

Ṣùgbọ́n bí ìpàdé àkọ́kọ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Á jókòó, á tún dìde. Á to àga, á tún un tò. Ó ń rò ó pé bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ ńkọ́, bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún tòun ńkọ́, ta ni yóò tún kó wọn jọ? Jóṣúà, ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba tó sì fẹ́ràn àwàdà bí ẹ̀mí rẹ̀, wò ó títí, ó bi í pé ṣé èèrà wọ inú ìró rẹ̀ ni.

Adérìnsọ́lá ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé kí ó ṣe nígbà tí ẹrù bá wúwo ju orí lọ. Ó gba ààwẹ̀. Ó fi ọjọ́ ìpàdé náà gan-an ṣe òpin ààwẹ̀ náà, kí ó lè wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Nítorí pé a ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ a máa bọ́ ojú rẹ̀, a máa fi òróró pa orí rẹ̀, kí ènìyàn má baà mọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Jóṣúà pàápàá rò pé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ló ti ń jẹun ọ̀sán.

Àgbàlá Hájíà Falilat ni ìpàdé náà bọ́ sí. Wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n to àga fún àwọn tí orúnkún wọn kò gbà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe Àpapọ̀, oúnjẹ ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Tohirat ló se é, opó kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀, tó ń gbé ní Nasarawa Gwong, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn ìpàdé mìíràn máa ń yá a lọ́wọ́ Hájíà. Ó gbé tùwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ elégédé tó ń rú èéfín wá, ó sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ gbé e síwájú alága.

Adérìnsọ́lá wo oúnjẹ náà. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo ti yó. Mo jẹun dáadáa kí n tó kúrò nílé."

Tohirat wà lórí ìkúnlẹ̀ títí Hájíà Falilat fi pè é dìde. Alhaji Abdulsobur wo alága, ó wo àwo, ó wá na ọwọ́, ó sì bu òkèlè. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú Adérìnsọ́lá dùn ní ìkọ̀kọ̀, ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé Olúwa, ìwọ nìkan lo mọ̀.

Ìpàdé náà lọ dáadáa. Kò sí ẹni tó gbóhùn sókè. Nígbà tí wọ́n dìde fún àdúrà ìparí, tí gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́, inú Adérìnsọ́lá kùn. Kì í ṣe díẹ̀. Ó kùn gígùn, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìró mọ́ra, ó di ojú pinpin. Tohirat tó ń kó àwo lẹ́yìn àga rẹ̀ dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ó gbé àwo rẹ̀ wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Adérìnsọ́lá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn obìnrin Ali Kazaure nípa ìpàdé tó ń bọ̀, wọn kò fèsì. Ó pe Hájíà Falilat, Hájíà gbé e, ó sì kí i dáadáa, ṣùgbọ́n "Madam Alága" ló ń pè é dípò Ìyá Dámi tó ti ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá pé àwọn obìnrin náà yóò máa bọ́ Bàbá Olúsọjí dé ìparí oṣù, kí Àpapọ̀ wá ẹlòmíràn fún un lẹ́yìn ìyẹn. Adérìnsọ́lá ka ọ̀rọ̀ náà ní ìdúró, ó kà á ní ìjókòó. Bí àwọn wọ̀nyí bá jáde, àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí yòókù yóò tẹ̀ lé wọn. Àpapọ̀ tí ìjà kò lè tú ká yóò wá tú ká lọ́wọ́ rẹ̀, ní ọdún tirẹ̀, kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Pásítọ̀ Akinolúwa ló là á lójú, láìmọ̀. Òun ló ń ṣe àkóso ilé ọmọ aláìlóbìí kan nínú Àpapọ̀. Ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nígbà tí ìlú dàrú, iná náà kò sì tíì kú tán nínú rẹ̀. Ó yà sílé Adérìnsọ́lá, ó jókòó, ó sì yìn ín.

"Mọ́mì, ẹ ṣe é dáadáa lọ́jọ́ yẹn tí ẹ ò jẹ ẹ́. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé alága wa gbọ́n. Ta ló mọ ohun tí wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀?"

Adérìnsọ́lá gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Pásítọ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ lọ kí wọ́n máa lọ, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àwa Onígbàgbọ́ náà lè dá tiwa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di. Ìgbà náà ló yé e ohun tí ènìyàn rí nínú àwo tí òun kò fọwọ́ kàn.

Kò sinmi lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì ó wọ kẹ̀kẹ́ Náápẹ́ẹ̀pù lọ sí Ali Kazaure. Jóṣúà ní kí ó jẹ́ kí òun bá a lọ, nítorí wọ́n ń sọ pé ara ìlú kò balẹ̀, ṣùgbọ́n Adérìnsọ́lá ní rárá. Atẹ́gùn ọ̀yẹ́ ń da erùpẹ̀ sí gbogbo ojú ọ̀nà, àwọn sójà ń yẹ ojú wò ní oríta, òun náà sì ń yí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì.

Hájíà Falilat gbà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Sannu da zuwa, Madam Alága. Ẹ jókòó." Ó gbé àga tó dára jù fún un. Ó béèrè Jóṣúà, ó béèrè Dámi ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n kò gbé omi wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé àlejò mọ ohun tí èyí ń sọ.

"Hájíà," ni Adérìnsọ́lá wí, "ẹ sọ fún mi."

Falilat ń ká ẹ̀gbẹ́ ìbòrí rẹ̀ nínú ọwọ́. "Ẹ ní ẹ ti yó."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

"Inú yín sì ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Tohirat wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó yó kì í kùn báyẹn, Ìyá Dámi. Ebi ń pa yín, ẹ ò sì lè jẹ oúnjẹ wa."

Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú, wọ́n sọ káàkiri pé àwọn ti apá kejì ń fi májèlé sínú oúnjẹ. Búrẹ́dì tí a ti jọ ń rà láti kékeré, ẹnu kò gbà á mọ́. Nígbà tí Àpapọ̀ kọ́kọ́ pàdé, oúnjẹ wà níwájú wọn, ó tutù pátápátá, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àfi ìgbà tí alága àkọ́kọ́, ìyá àgbà kan tó jẹ́ Onígbàgbọ́ tó ti lọ sọ́run báyìí, tọwọ́ bọ àwo àwọn Mùsùlùmí, tó jẹ, tó gbé e mì, tó ní bí òun bá kú kí wọ́n má ṣe sin òun sí ìtòsí àwọn tí kò jẹ. Ẹ̀rín ló pa wọ́n, wọ́n sì jẹun. Láti ìgbà náà, alága ló ń kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ òdìkejì rẹ̀, kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ń wò yóò rí i.

Adérìnsọ́lá kò rí i rí. Lẹ́yìn ọdún wọ̀nyẹn ló wọ Àpapọ̀. Láti ìgbà tó sì ti wọ̀ ọ́, ní gbogbo ìpàdé, ìgbà tí alága bá ń bu òkèlè àkọ́kọ́ ni òun máa ń di ojú gbàdúrà lórí oúnjẹ. Nígbà tó bá fi máa la ojú, gbogbo ènìyàn ti ń jẹ. Ọ̀rọ̀ Alhaji Abdulsobur wá bọ́ sí i lọ́kàn, pé kí ó máa jẹun. Àṣé kì í ṣe eré.

"Hájíà, ààwẹ̀ ni mo ń gbà," ló wí. "Nítorí ìpàdé náà. Nítorí gbogbo wa."

Falilat rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Haba, Ìyá Dámi. Ṣé àwa náà kì í gbààwẹ̀ ni? Bí ẹ bá sọ ọ́, Tohirat ì bá bo tiyín mọ́lẹ̀ dìgbà ìṣínu. Ẹ ì bá fọwọ́ kan àwo náà lásán, kí ẹ ní ẹ ó gbé e lọ sílé. Kí ló gbé irọ́ wá?"

"Wọ́n kọ́ wa pé kí á gbà á ní ìkọ̀kọ̀."

"Ṣé wọ́n kọ́ yín pé kí ẹ fi irọ́ bò ó?"

Ẹ̀yin ará mi, ó yẹ kí Adérìnsọ́lá gba ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú a máa sọ àgbàlagbà di ọmọdé. Ó bẹ Hájíà pé kí ó bá òun sọ fún àwọn obìnrin náà pé inú ló ń run òun lọ́jọ́ náà, pé ìyẹn ló fà á tí ó fi ń kùn.

"Ẹ fẹ́ kí n fi irọ́ tèmi lé tiyín," ni Falilat wí wẹ́rẹ́. Ó dìde. "Mo gbà yín gbọ́, Wallahi. A ti mọra tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo se oúnjẹ yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ wo ojú Tohirat."

Kò lọ. Nígbà tó dé oríta tó yẹ kí ó ti yà sí Nasarawa Gwong, ó sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé kí ó máa lọ tààrà. Ó ní ọ̀la ni òun yóò lọ. Nígbà tí ọ̀la dé, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó ń ṣàìsàn. Ní ọjọ́ kejì èyí, omi kò sí. Gbogbo ìgbà ló ń rí iṣẹ́ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró lórí ọ̀kankan. Ó ń gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá. Bí ó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ojú opó yẹn lórí ìkúnlẹ̀ ló ń rí, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Orin tó ti mọ̀ láti ilé ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò lè parí ẹsẹ̀ kan. Ó sọ fún Jóṣúà nígbẹ̀yìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Jóṣúà, tí kì í sọ̀rọ̀ láìṣàwàdà, kò ṣàwàdà. Ó ní, "Bí a bá fẹ́ kí èkuru tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Lọ bá ọmọ náà."

Ọjọ́ ìpàdé tó kàn, èyí tó bọ́ sí Anglo Jos, pé kí ó tó lọ.

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn Onígbàgbọ́ ti dé, Alhaji Abdulsobur ti dé, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń yí lọ́wọ́. Lááwàlì dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ tí wọ́n dì mọ́ ẹ̀yìn Náápẹ́ẹ̀pù. Gbogbo àga tí wọ́n tò fún àwọn obìnrin Ali Kazaure ló ṣófo. Adérìnsọ́lá ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀, ó tún ń lọ.

Pásítọ̀ Akinolúwa ní ó yẹ kí wọ́n ṣí ìpàdé, kí wọ́n sì kọ́kọ́ yan ẹgbẹ́ tí yóò rọ́pò ti Falilat. Ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run kì í dúró de ẹni tí inú ń bí. Lááwàlì ló dá a lóhùn ní Hausa, pé òun tí òun kò lẹ́sẹ̀ ti dé, ṣé kò yẹ kí wọ́n wádìí ohun tó dá àwọn tó lẹ́sẹ̀ dúró? Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Fóònù Adérìnsọ́lá dún. Hájíà Falilat ni. Ó ní gbogbo àwọn obìnrin òun ti múra, wọ́n wà níwájú ilé Tohirat ní Nasarawa Gwong, ṣùgbọ́n Tohirat ní òun kò lọ, àwọn yòókù sì ní bí kò bá lọ àwọn kò ní wọ ọkọ̀. Ó wá sọ èyí tí Adérìnsọ́lá kò mọ̀. Àkàrà, èyí tí wọ́n ń pè ní kòsé lọ́hùn-ún, ni Tohirat ń dín tà ní etí títì láti fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Onígbàgbọ́ wà nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá láràárọ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Akinolúwa pé alága fúnra rẹ̀ kò jẹ oúnjẹ rẹ̀, wọn kò dúró mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níwájú ni wọ́n ti ń rà.

Adérìnsọ́lá gbé fóònù sílẹ̀. Ó yíjú sí gbogbo ilé.

"Ẹ gbọ́ mi. Ààwẹ̀ ni mo ń gbà ní Ali Kazaure. Mo ní mo ti yó, irọ́ ni mo pa. Kò sí ohun tó ṣe oúnjẹ yẹn. Èmi ni ohun kan ṣe." Ó mú ìborùn rẹ̀. "Mi ò ní ṣí ìpàdé yìí láìsí wọn. Ẹ dúró dè mí."

Pásítọ̀ Akinolúwa ti wo ilẹ̀. Síbẹ̀ ó rí ọ̀rọ̀ kan sọ, pé alága kì í sá tẹ̀ lé ọmọ ẹgbẹ́. Alhaji Abdulsobur kò gbé ojú kúrò lórí tẹ̀sùbáà. "Ẹni tó sọ nǹkan nù ló ń wá a," ló wí. "Máa lọ, Ìyá Dámi."

Inú kẹ̀kẹ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ó to ọ̀rọ̀, ó tú u ká, bí ẹni ń di gèlè tí kò jókòó. Nígbà tó fi máa dé Nasarawa Gwong, kò sí ọ̀kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àwọn obìnrin náà wà lórí bẹ́ǹṣì àti lórí ìdènà gọ́tà, nínú híjáàbù tí wọ́n ti lọ̀ fún ìpàdé. Wọ́n kí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dìde. Tohirat jókòó ti agbada epo, síbí lọ́wọ́, ó ń dín àkàrà tí kò sí ẹni tó ń rà á. Kò gbé ojú sókè.

Adérìnsọ́lá rọra bẹ̀rẹ̀ sí kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀. Kíá ni Tohirat ju síbí sílẹ̀, tó fo dìde, tó di apá rẹ̀ mú. "Mama, kar ki yi. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ fẹ́ fi mí ré?"

Adérìnsọ́lá dúró. Hausa ló fi sọ ọ́, kí gbogbo wọn lè gbọ́, kí àwọn tó ń kọjá náà lè gbọ́. Ó ní òun ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun fi pamọ́, òun sì parọ́ kí ó lè pamọ́. Ó ní òun ń ronú nípa òun àti Ọlọ́run òun, òun gbàgbé pé ẹnìkan wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú òun. Kò sọ̀rọ̀ inú rírun.

Epo ń hó.

"Ààwẹ̀," ni Tohirat wí. "Mama, ta ló ń fi ààwẹ̀ pamọ́ fún aláásè?"

Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì kò lè pa á mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjì mìíràn gbà á. Tohirat kò rẹ́rìn-ín. Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán, ó ń fi Hausa kún un bí ó ti ń sọ ọ́. "Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo jẹ tùwó yẹn níwájú gbogbo wọn. Mo fún ọmọ mi jẹ níwájú wọn. Ebi ò pa wá. Mo jẹ ẹ́ kí wọ́n lè rí i pé a ò kú."

Omi bọ́ lójú Adérìnsọ́lá. Kò nù ún. Ó ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ ohun tó le ju èyí lọ, kò sì sí ohun tó le ju èyí lọ.

Tohirat padà jókòó. Ó yọ àkàrà tó ti fẹ́ jóná kúrò nínú epo, ó sì kó tuntun sí i. Ó ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyára.

"Ṣé ẹ ń gbààwẹ̀ lónìí?"

"Rárá," ni Adérìnsọ́lá wí. "Ebi ń pa mí."

"Toh. Ẹ jókòó. Kì í ṣe inú ilé o. Ibí yìí."

Àwọn obìnrin sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ó kọjú sí títì. Tohirat gbé àkàrà gbígbóná lé e lọ́wọ́ nínú bébà. Ó jẹ ẹ́. Ó gbóná jù, ó ń fẹ́ ẹnu, ó tún ń bù ú jẹ. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ kan tó gbé páànù sí èjìká dúró, ó wo ìyá Onígbàgbọ́ pẹ̀lú àgbélébùú lọ́rùn láàárín àwọn oníhíjáàbù, tí epo ń kán sí àgbọ̀n rẹ̀. Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó sọ páànù kalẹ̀, ó ní kí wọ́n di tòun.

Tohirat dì í fún un. Kò sọ pé òun ti dárí jini, Adérìnsọ́lá kò sì béèrè. Ó dín gbogbo ẹ̀wà lílọ̀ tó kù, ó pa iná, ó wọlé lọ mú híjáàbù rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó di àkàrà tó pọ̀ sínú ike ńlá, ó sì gbé e lé alága lórí itan bí ẹni gbé ẹrù fún ọmọ ilé.

"Ẹ gbé èyí dání fún Pásítọ̀ yín," ló wí. "Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń gbààwẹ̀."

Ìgbà náà ni Hájíà Falilat nawọ́ dá ọkọ̀ dúró, tí gbogbo wọn sì ń ti ara wọn wọ inú rẹ̀.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí dé ibí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìwà mímọ́ rẹ di ọgbẹ́ sí ọmọnìkejì rẹ lára. Kí ó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò tètè yà sí oríta tó yẹ, kí ó sì fún ọ ní ahọ́n tí kò ní ìdí láti fara pamọ́. Kí oúnjẹ má wọ́n ọ nílé, kí ẹni tí yóò bá ọ jẹ ẹ́ má sì wọ́n ọ. Àlàáfíà ni kí ìlú rẹ fi jí, àlàáfíà ni kí ó fi sùn. Àmín.